Irú Ayékòótọ́ Wo Ló Yẹ Ilé Olọ́mọ?

Bí ẹnì kan ní ilẹ̀ Yorùbá bá sọ pé òun fẹ́ ra ayékòótọ́ fún àwọn ọmọ òun, odídẹrẹ́ ló ní lọ́kàn: ẹyẹ eléérú, onírù pupa. Òun la mọ̀. Ìyẹ́ ìrù rẹ̀, ìkóódẹ, wà lára adé ọba, ó wà níwájú orí ìyàwó òrìṣà, kò sì sí ẹni tó gbọ́ oríkì Ìwó rí tí kò mọ̀ pé ẹyẹ náà ni wọ́n fi ń ki àwọn ọmọ ibẹ̀. Ó tún ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Nítorí náà, ẹni tó ń wá ẹyẹ kì í béèrè irú èyí tó yẹ kí òun rà. Iye tí wọ́n ń tà á nìkan ló ń béèrè. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ dá a dúró. Nínú gbogbo ayékòótọ́ tí ènìyàn ń sìn nínú ilé, odídẹrẹ́ wà lára àwọn tó nira jù fún ilé tí ọmọ kékeré wà, tí bàbá àti ìyá ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ní ìdájí, tí wọn kì í wọlé títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Kí a tó dárúkọ ẹyẹ kankan, ilé ni ká kọ́kọ́ wò. Ẹyẹ ni àwọn tó ń rà á máa ń wò: àwọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, bí ó ṣe bà lé èjìká ẹnì kan nínú fídíò orí fóònù. Irú ayékòótọ́ tó wà láyé tó nǹkan bí 400. Èyí tó kéré jù nínú wọn, ní erékùṣù New Guinea, kò gùn ju ìka ọwọ́ àgbàlagbà lọ. Hyacinth macaw ti ilẹ̀ Brazil sì gùn tó mítà kan láti orí dé ìdí ìrù. Gbogbo wọn ló ní àgógó tó tẹ̀ kọdọrọ, tí ìka ẹsẹ̀ wọn méjì kọjú síwájú, tí méjì kọjú sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ohun tó kan ẹni tó fẹ́ sìn wọ́n jù ni pé ẹyẹ ẹlẹ́gbẹ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Nínú igbó, wọn kì í dá jẹun, wọn kì í dá sùn. Bí a bá mú ọ̀kan wọlé, àwa la di ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò sì máa ké pè wá bí ó ti ń ké pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí igi, ní kùtùkùtù àti ní ìrọ̀lẹ́.

Igbe yìí ló ń lé ọ̀pọ̀ ẹyẹ kúrò nílé ẹni tó rà wọ́n. Ohùn macaw àti ti cockatoo funfun, àwọn ayékòótọ́ ńlá, le débi pé ilé kẹta, ilé kẹrin yóò gbọ́ ọ. Ẹni tó ní ilé tirẹ̀ tí àgbàlá rẹ̀ fẹ̀ lè fara dà á. Ẹni tó ń gbé ilé tí yàrá kọjú sí yàrá ní Mushin, tàbí fúláàtì òkè kẹrin ní Peckham ní London tí ògiri kan ṣoṣo ya òun àti aládùúgbò, ìjà ló ń rà wọlé. Kì í sì í ṣe èyí tó tóbi nìkan ló ń pariwo. Sun conure, ẹyẹ yẹ́lò kékeré kan láti àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, kò gùn ju rúlà ọmọ ilé ìwé lọ, síbẹ̀ igbe rẹ̀ ń gún etí.

Lẹ́yìn ariwo, ọdún ló kàn. Adìyẹ tí a rà lónìí, a lè pa á jẹ nígbà Kérésìmesì. Odídẹrẹ́ tí a bá tọ́jú dáadáa lè lo 40 ọdún sí 60. Ní ọgbà ẹranko Brookfield, nítòsí Chicago, cockatoo kan wà tó ń jẹ́ Cookie. Ó ti wà níbẹ̀ láti 1934 tí wọ́n ṣí ọgbà náà. Ọdún 2016 ló kú, ẹni ọdún 83. Bàbá ẹni ọdún 45 tó bá ra irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ ti fi kún ogún tí yóò pín. Ta ni nínú àwọn ọmọ ni yóò mú un? Èyí tó ń sunkún pé kí wọ́n bá òun ra ẹyẹ ní ọmọ ọdún mẹ́wàá yóò lọ sí yunifásítì nígbà tí ọ̀pọ̀ ọdún ṣì wà níwájú ẹyẹ náà, ìyá tí kò sí níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ẹyẹ ni yóò sì máa gbá ìgbẹ́ rẹ̀.

Ní ti àwọn ọmọ, ohun kan wà tí gbogbo òbí gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹyẹ tó wọlé. Ẹyẹ kò ní iṣan tó pín àyà àti ikùn bíi tiwa, èyí tó ń bá wa fa èémí sínú. Egungun àyà rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa sún síwá, kó máa sún sẹ́yìn, kí ó tó lè mí. Ọmọ tó bá fi ìfẹ́ di ẹyẹ kékeré mú pinpin ní àyà lè pa á láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ láìmọ̀, láìjẹ́ pé ó ṣẹ́ ẹ níbì kankan. Nítorí náà, mi ò gbà pé kí a fi ẹyẹ kankan lé ọmọ tí kò tíì tó ọdún márùn-ún lọ́wọ́. Kí ó máa wò ó, kí ó máa bá a sọ̀rọ̀, kí ó máa fún un lóúnjẹ níwájú àgbà. Èyí tó tóbi náà sì ní ewu tirẹ̀ sí ọmọ: àgógó odídẹrẹ́ lè gé ìka ní ọgbẹ́, ti hyacinth macaw sì ń fọ́ èkùrọ́ líle bí ẹni fọ́ ẹ̀pà.

Pẹ̀lú ìwọ̀nyí lọ́kàn, ẹyẹ méjì péré ni mo máa ń dárúkọ fún ilé olọ́mọ tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ wọn. Ilẹ̀ Australia ni àwọn méjèèjì ti wá.

Èkíní ni budgerigar, tí àwọn ará London ń pè ní budgie. Òun ni ayékòótọ́ tí wọ́n ń sìn jù lágbàáyé. Ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 18, kò sì wúwo ju gíráàmù 40 lọ. Nínú pápá gbígbẹ tó ti ṣẹ̀, àwọ̀ ewé ni ara rẹ̀, orí rẹ̀ yẹ́lò, ilà dúdú wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1840 ni onímọ̀ ẹyẹ John Gould kó o wá sí England láàyè, àwọn tó ń sìn ín níbẹ̀ àti ní ilẹ̀ Yúróòpù ló sì bí i di aláwọ̀ búlúù, funfun àti yẹ́lò tí à ń rí lónìí. Kò ṣòro láti mọ akọ yàtọ̀ sí abo nígbà tó bá dàgbà: awọ tó wà lókè àgógó, níbi tí ihò imú wà, a máa jẹ́ búlúù lára akọ, a sì máa rí bí àwọ̀ igi lára abo. Akọ ló ń sọ̀rọ̀ jù. Ẹ má sì fojú kéré rẹ̀ nípa ọ̀rọ̀: budgie kan tó ń jẹ́ Puck ní California, tó kú ní 1994, ló gba ipò nínú ìwé Guinness pé ó mọ ọ̀rọ̀ 1,728. Ohùn rẹ̀ ló kéré, tó sì ń yára bí ẹni tó ń ka ìròyìn, nítorí náà ẹni tí kò bá fara balẹ̀ yóò rò pé ariwo lásán ni. Ọdún 5 sí 10 ló sábà máa ń lò, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí gbogbo ará ilé bá ń jáde láàárọ̀, méjì ni kí ẹ rà. Ìyàtọ̀ tí yóò mú wá ni pé ara wọn ni wọn yóò máa bá sọ̀rọ̀ jù, wọn kò ní fi bẹ́ẹ̀ ráyè tiyín. Mo fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀ ju kí ẹyẹ kan ṣoṣo máa jókòó sí pálọ̀ tí kò sẹ́ni níbẹ̀.

Èkejì ni cockatiel, òun sì ni àyànfẹ́ mi. Ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ìdajì rẹ̀ jẹ́ ìrù. Ó wúwo tó gíráàmù 80 sí 100. Eérú ni ara rẹ̀, ojú akọ yẹ́lò, àmì pupa bí ọsàn sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ó lè lo ọdún 15 sí 20. Kò mọ ọ̀rọ̀ sọ púpọ̀, ṣùgbọ́n akọ rẹ̀ a máa súfèé. Bí ọmọ bá ń súfèé orin kan fún un lójoojúmọ́, yóò gbà á, yóò sì máa dá a padà, nígbà mìíràn pẹ̀lú àṣìṣe tí ọmọ náà ṣe nínú orin. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ fún ilé olọ́mọ ni òṣùṣù ìyẹ́ orí rẹ̀. Bí ẹ̀rù bá bà á, òṣùṣù náà a nà dúró ṣánṣán. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, a rọra sùn sẹ́yìn díẹ̀. Bí inú bá ń bí i, a lẹ̀ mọ́ orí pátápátá, ẹnu rẹ̀ a sì là. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè kọ́ èyí láàárín ọ̀sẹ̀ kan, yóò sì mọ ìgbà tí kò yẹ kí òun na ọwọ́ sí ẹyẹ. Ayékòótọ́ mìíràn ń fi ara sọ̀rọ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n kò hàn kedere tó bẹ́ẹ̀.

Cockatiel ní àbùkù méjì. Ẹ̀rù òru ń bà á: bí òkùnkùn bá ṣú lójijì tí nǹkan sì gbọ̀n, yóò fò sókè, yóò máa fi ara gbá irin àgò títí apá rẹ̀ yóò fi ṣẹ̀jẹ̀. Ní ìlú wa tí iná ń lọ nígbà tó bá wù ú, iná kékeré onísólà kan lẹ́bàá àgò rẹ̀ kì í ṣe àṣejù. Èkejì ni pé ara rẹ̀ ń mú ìyẹ̀fun funfun jáde, bíi ti odídẹrẹ́ àti cockatoo, ìyẹ̀fun náà sì ń fò káàkiri ilé. Ilé tí asìmá wà, budgie ni kí wọ́n bá lọ, kí wọ́n sì kọ́kọ́ jókòó ti ẹyẹ náà nílé ẹni tó ń tà á fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó sanwó.

Lovebird ń wù ènìyàn nítorí pé méjì-méjì ló máa ń fara mọ́ra wọn. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni. Ọ̀kan nínú wọn, olórí pupa, wà ní pápá ọ̀dàn tiwa, tó ń gbẹ́ ihò sínú ilé ikán orí igi láti yé ẹyin sí. Ìyẹn kò gbọ́ sísìn. Èyí tí wọ́n ń tà jù ni ti ẹkùn Namibia àti Angola, tí iwájú orí àti ọ̀fun rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Ó rẹwà, kò wọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń geni jẹ ju bí ara rẹ̀ ṣe mọ lọ, abo rẹ̀ sì ń jowú àgò rẹ̀. Fún ọ̀dọ́langba, ó dára. Fún ọmọ kékeré, rárá.

Àwọn ẹyẹ tó wà láàárín kékeré àti ńlá pọ̀, n kò ní dárúkọ gbogbo wọn. Senegal parrot jẹ́ aládùúgbò wa: láti Senegal dé àríwá Nàìjíríà ló ń gbé, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, orí rẹ̀ eérú, ikùn rẹ̀ yẹ́lò. Kò pariwo púpọ̀, ó sì lè lo 25 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wàhálà rẹ̀ ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló sábà ń yàn nínú ilé, tí yóò sì máa ṣá àwọn yòókù. Ẹni tó ń dá gbé lè rí ọ̀rẹ́ gidi nínú rẹ̀. Bàbá tó rà á fún ọmọ mẹ́ta yóò rí ẹjọ́ dá. Àwọn Yorùbá tó wà ní London mọ òmíràn dáadáa, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀: ayékòótọ́ aláwọ̀ ewé, onírù gígùn, tó ń fò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lórí Richmond Park. Ring-necked parakeet nìyẹn. Ó ń gbé ní apá àríwá Nàìjíríà àti ní Íńdíà pẹ̀lú. Àwọn tó ń fò ní London jẹ́ ọmọ-ọmọ àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń sìn wọ́n. Ó ń sọ̀rọ̀ ketekete, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí a máa fọwọ́ pa òun lára, bí ó bá sì ń dàgbà bọ̀, ọ̀pọ̀ oṣù ni yóò fi máa geni jẹ. Ní Brazil, papagaio aláwọ̀ ewé tó níwájú búlúù ni ẹyẹ ilé látijọ́, òfin ibẹ̀ sì sọ pé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ìwé àṣẹ láti máa sìn ín nìkan ni kí a ti rà á. Macaw àti cockatoo ńkọ́? Ẹ lọ wò wọ́n ní ọgbà ẹranko.

Ó wá ku odídẹrẹ́, òun la ó sì pẹ́ lé lórí, nítorí òun ni ọkàn àwọn èèyàn wa ń fà sí. Kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 33 lọ, ó sì wúwo tó gíráàmù 400 sí 500. Ọgbọ́n rẹ̀ kì í ṣe àsọdùn. Ní 1977, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Irene Pepperberg ra ọ̀kan ní ìsọ̀ ẹran ọ̀sìn kan ní Chicago, ó sọ ọ́ ní Alex, ó sì kọ́ ọ fún ọgbọ̀n ọdún. Kí Alex tó kú ní oṣù kẹsàn-án 2007, ó mọ ọ̀rọ̀ tó lé ní 100. Ó lè dárúkọ àwọ̀ ohun tí wọ́n nà sí i àti bí ó ṣe rí, ó lè ka ohun tó tó mẹ́fà, bí wọ́n bá sì fi nǹkan méjì hàn án, ó lè sọ ibi tí wọ́n ti jọra àti ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Gbogbo ènìyàn tó ka ìtàn Alex ló fẹ́ ní odídẹrẹ́. Wọn kì í rántí pé odidi yàrá ìwádìí ló ń bá Alex ṣeré látàárọ̀ dalẹ́.

Ọgbọ́n yìí gan-an ni ìṣòro. Odídẹrẹ́ tí a tì mọ́ inú àgò kékeré ní iwájú ilé, tó jẹ́ pé ẹni tó ń kọjá lọ nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí já ìyẹ́ ara rẹ̀. Yóò já ti àyà, yóò já ti itan, títí ara yóò fi hàn ròmùròmù bí adìyẹ tí wọ́n ti tú. Ọ̀pọ̀ wa ti rí irú rẹ̀, a sì rò pé àrùn awọ ni. Nígbà mìíràn ó lè jẹ́ àìsàn lóòótọ́, dókítà ẹran ni yóò sì mọ̀, ṣùgbọ́n ìdáwà wà lára ohun tó ń fà á jù. Ẹ̀rù ohun tuntun tún ń bà á: wọ́n lè pààrọ̀ kọ́tìnì kí ó má jẹun lọ́jọ́ náà. Ó tún máa ń ṣaláìní èròjà tó ń mú egungun le tó, pàápàá bí kò bá rí oòrùn tó sì jẹ́ pé hóró gbígbẹ nìkan ni wọ́n ń fún un. Irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ lè ṣàdédé ṣubú láti orí igi rẹ̀, kí gìrì gbé e.

Ọ̀rọ̀ sísọ tí a tìtorí rẹ̀ rà á kò sì dájú. Ó lè tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ tó já geere, àwọn kan kò sì ní sọ rárá. Èyí tó bá ń sọ̀rọ̀ ni yóò yan ohun tó fẹ́ sọ. Ohun tí a fi ìtara sọ ló tètè ń gbà: dídún fóònù, ikọ́ màmá àgbà, èébú tí ọkọ bú ìyàwó. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba àlejò láti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ẹ rò ó dáadáa.

Bí a bá tilẹ̀ fi gbogbo èyí sílẹ̀, ọ̀rọ̀ igbó ṣì wà níbẹ̀. Inú ihò igi ńlá ni odídẹrẹ́ ń yé sí, ẹyin méjì sí mẹ́rin ló sábà máa ń yé. Nígbà tí wọ́n bá gé igi náà, ilé lọ. Àwọn tó ń mú un ń lo àtè àti ẹyẹ adẹ́tàn, tàbí kí wọ́n gun igi lọ kó ọmọ inú ìtẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n bá mú ló ń kú kí wọ́n tó dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ rà wọ́n. Ní Ghana, ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2016 fi hàn pé láti nǹkan bí 1992, odídẹrẹ́ ibẹ̀ ti dín kù ní ìdá 90 sí 99 nínú 100. Ọdún 2016 yẹn náà ni IUCN, àjọ tó ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ẹ̀dá, kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu ìparun, ní ìpàdé tí àwọn orílẹ̀-èdè sì ṣe ní Johannesburg, wọ́n gbé e sí ìpele àkọ́kọ́ nínú CITES, àdéhùn tó ń ṣàkóso òwò àwọn ẹ̀dá igbó láàárín orílẹ̀-èdè. Láti oṣù kìíní 2017, kò bófin mu láti kó odídẹrẹ́ tí wọ́n mú nínú igbó kọjá ẹnubodè fún títà. Nàìjíríà ní òfin tirẹ̀ lórí àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu láti 1985. Ní Britain, ẹni tó bá fẹ́ ta odídẹrẹ́, kódà èyí tí wọ́n bí sínú ilé, gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ lórí ẹyẹ náà.

Àwọn tó nílò ìkóódẹ fún iṣẹ́ òrìṣà tàbí adé, nílé àti ní Brazil níbi tí àwọn ọmọ Candomblé ti ń pè é ní ekodidé, kò yẹ kí èyí bí wọn nínú. Odídẹrẹ́ ń pààrọ̀ ìyẹ́ fúnra rẹ̀ lọ́dọọdún, ìyẹ́ tó jábọ́ kò sì yàtọ̀ sí èyí tí a já.

CITES yìí kan náà lè ran ẹni tó ń yan ẹyẹ lọ́wọ́. Gbogbo ìdílé ayékòótọ́ ló wà lábẹ́ àkóso àdéhùn náà àyàfi mẹ́rin: budgie, cockatiel, lovebird ti Namibia yẹn, àti ring-necked parakeet. Ìdí ni pé àwọn wọ̀nyí pọ̀ níbi tí wọ́n ti ṣẹ̀, wọ́n sì ń bímọ lọ́wọ́ ènìyàn lọ́nà tó rọrùn débi pé kò sí ẹni tó nílò láti lọ máa mú wọn nínú igbó. Australia kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n kó ẹyẹ ilẹ̀ náà jáde fún títà mọ́ láti nǹkan bí 1960, nítorí náà budgie tí ẹ bá rí lónìí ní Èkó tàbí ní Houston, inú àgò ni wọ́n bí i sí, inú àgò ni wọ́n bí ìyá ìyá rẹ̀ sí.

Nígbà tí ẹ bá wá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ wo ẹsẹ̀ ẹyẹ. Ẹyẹ ńlá tí wọ́n bí sínú ilé sábà máa ń ní òrùka kékeré lẹ́sẹ̀, tí kò ní ojú ìsopọ̀. Ìgbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọ ìkókó inú ìtẹ́ ni wọ́n ń fi sí i, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì tín-ín-rín; ẹnikẹ́ni kò lè fi irú rẹ̀ sí àgbà ẹyẹ tí wọ́n mú nínú igbó. Bí wọ́n bá sọ pé odídẹrẹ́ kan jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́ta, ẹ wo ojú rẹ̀: ojú ọmọ odídẹrẹ́ dúdú, ó di ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ kí ó tó funfun. Ẹyẹ tí ìrù rẹ̀ ń gbọ̀n sókè sódò bí ó ti ń mí, tó gbọ́n ìyẹ́ jọ bí ẹni tí òtútù ń mú, tàbí tí omi ń yọ nímú rẹ̀, ara rẹ̀ kò yá. Ó lè ní àrùn psittacosis, tó ń ran ènìyàn, tó máa ń mú ibà àti ikọ́ wá. Oògùn wà fún un, doxycycline ni wọ́n sábà ń lò, ṣùgbọ́n dókítà kì í ronú sí i àyàfi bí ẹ bá sọ pé ẹyẹ wà nílé. Ẹ sọ fún un, pàápàá bí aboyún bá wà láàárín yín.

Ilé náà yóò yí padà díẹ̀. Páànù òde òní tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, bí ó bá gbóná jù lórí iná, èéfín rẹ̀ tí a kò lè rí ń pa ẹyẹ kíákíá, nítorí náà kíṣìnì kì í ṣe ibi tí a ń gbé àgò sí. Èéfín jẹnẹrétọ̀, oògùn ẹ̀fọn tí à ń fín àti èyí tí à ń dáná sí, ewu ni gbogbo wọn. Bí ẹ bá ní kí wẹ́dà ṣe àgò, ẹ má jẹ́ kí ó lo wáyà tí wọ́n fi síǹkì bò tàbí ọ̀dà olójé. Ẹyẹ yóò máa fi ẹnu họ ọ́, májèlé yóò sì wọ inú rẹ̀. Kí àgò fẹ̀ tó kí ó lè na apá méjèèjì láìkan irin. Ẹ̀ka gúrófà tí ẹ gé tútù, tí kò nípọn bákan náà, sàn fún ẹsẹ̀ rẹ̀ ju ọ̀pá gbọọrọ lọ.

Oúnjẹ kò le. Jéró àti ọkà bàbà dára fún budgie àti cockatiel, ṣùgbọ́n hóró gbígbẹ nìkan ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì ń dín fítámì A kù. Ẹ fi tẹ̀tẹ̀, kárọ́ọ̀tì àti àgbàdo tútù kún un. Odídẹrẹ́ ní ti tirẹ̀ a máa fi ayọ̀ gba ẹyìn ọ̀pẹ, oúnjẹ rẹ̀ láti inú igbó. Ata rodo gan-an kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, nítorí ẹyẹ kì í mọ títa ata lẹ́nu bí a ti mọ̀ ọ́n. Píà ni kí wọ́n má fẹnu kàn, àti ṣokoléètì, kọfí, iyọ̀ àti ọtí. Ẹ̀pà tó ti hu, ẹ dà á nù.

Ìdájọ́ mi kò ṣòro. Ilé tí ọmọ kékeré wà, budgie méjì. Ilé tí àwọn ọmọ ti tó ọdún mẹ́jọ sókè, tí ẹnì kan sì wà nílé ní ọ̀sán, cockatiel kan tí wọ́n fọwọ́ tọ́ láti kékeré. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lè kúrò lára odídẹrẹ́, kí ó kọ́kọ́ wá ẹni tó ní ọ̀kan tí agbára rẹ̀ kò ká a mọ́, irú wọn pọ̀, kí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀ bí òfin bá béèrè fún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tajà ni ẹ ti fẹ́ rà á, tí kò sì lè fi òrùka ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn yín, ẹ má rà á, bó ti wù kí owó rẹ̀ dínkù tó.